Olóyè Tó Kọ̀ Láti Wẹ̀ Kó Tó Wọlé Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ka orúkọ ọkùnrin náà fún yín, kí ẹ sì wá ibi jókòó sí, nítorí orúkọ náà gùn: Olóyè Dókítà Ẹnjiníà Súnkànmí George, Akọgun Ìmọ̀, Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ Ewé Ìrọ̀rùn ní Farmers Branch, nítòsí Dallas, fún ìgbà díẹ̀.

"Fún ìgbà díẹ̀" tó gbẹ̀yìn yẹn ni eegun ẹja tó há a lọ́fun. Ìgbìmọ̀ tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló fi í sórí àga nígbà tí ọ̀gá àtijọ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kó máa bá àwọn mú un dání títí àwọn yóò fi rí ẹni tó yẹ. Súnkànmí gbọ́ "mú un dání" dáadáa. "Títí" ni kò gbọ́. Wọ́n kọ ipò rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan pa mọ́. Ni Olóyè bá lọ ra òdòdó ńlá kan nínú ìkòkò, ó gbé e síwájú ibi tí "fún ìgbà díẹ̀" wà gẹ́lẹ́, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin ín láràárọ̀ kí ewé rẹ̀ má baà já. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fẹ́ mọ bí ó ṣe rí àwọn orúkọ ńlá wọ̀nyẹn? Oyè náà, ìlú kan tí kò dé rí ló fi í jẹ, lórí fóònù. Dókítà náà, ìmọ̀ bí a ṣe ń darí ọ́fíìsì ni; kò kan ènìyàn, kò sì kan ẹran. Ní ti Ẹnjiníà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bi mí.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe kò ṣòroó yé. Tí wọ́n bá já ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú, inú rẹ̀ a máa dàrú. Wàrà tó mọ̀ ti lọ, ìyá ti lọ, oúnjẹ gbígbẹ ló kù. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ á sì rù kan eegun. Láyé àtijọ́, oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ká àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò lórí ìyẹn. Ni àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́rin kan ní Dallas, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlera àti kọ̀ǹpútà, àwọn náà ló di ìgbìmọ̀ yìí, bá rántí ohun tí ìyá kálukú wọn ń wá kiri ẹ̀yìnkùlé tí inú bá ń run ọmọ: ewé efinrin. Wọ́n ń fa òróró olóòórùn inú rẹ̀ jáde, wọ́n ń pò ó mọ́ ti ewé ọbẹ̀ táìmù àti orígánò, wọ́n á kán ìwọ̀nba kín-ún sínú oúnjẹ púpọ̀, ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ohun tó dára ni. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí kí ẹ má baà di ẹ̀bi ru òróró náà lẹ́yìn ọ̀la.

Níbi tí ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìgbìmọ̀ wá wo oko ẹlẹ́dẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì dìbò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ohun tí wọ́n rí, Súnkànmí yóò di ọ̀gá pátápátá, yóò gbé òdòdó rẹ̀ kúrò lójú ògiri. Bí wọn ò bá fẹ́ràn rẹ̀, òun àti òdòdó ni yóò jọ relé. Kò sí ohun mìíràn tó ń rò, yálà ó ń jẹun ni o, tàbí ó ń sùn.

Ní Dallas, kálukú ló ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò ara rẹ̀. Kódà àwọn tó lówó jù ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń gbé kọfí wọn dání lọ. Olóyè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti dé iwájú ọ́fíìsì, á jókòó sínú mọ́tò títí Tìmílẹ́yìn akọ̀wé rẹ̀ yóò fi jáde wá ṣí i. Tìmílẹ́yìn yìí kì í ṣe ọmọdé. Ó níyàwó, ó bímọ méjì, ó sì mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ owó. Ẹ má bú u. Ó ti rí i pé ẹni tó bá mọ ọ̀gá yìn kì í pẹ́ẹ́ gba àfikún lórí paycheck, ìyìn ló wá fi ṣe iṣẹ́ ọ̀sán.

"Ẹ káàárọ̀ o, Akọgun! Òkìkí yín ti wọlé kẹ́ ẹ tó dé, sà!"

"Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi nínú ilé?"

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀, sà. Ẹ̀rù ọlá yín ń bà wọ́n."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń jẹ dónọ́ọ̀tì.

Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, Olóyè ti fi òfin gbé Ìjẹ́rìí kalẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó ètò náà wá sí ọ́fíìsì lódidi. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n á gbé ìgò òróró lé e, kálukú á sì dìde sọ ohun tí òórùn náà ti ṣe fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Praise the Lord!" ni Tìmílẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀.

"Halleluyah!"

"Mo wà lórí freeway 635 lọ́jọ́ Thursday. Traffic ò lọ, kò bọ̀. Ni mo bá rántí Olóyè wa, mo ṣí ìgò yìí, mo fà á símú. Ẹ̀yin ará, before I could close it, ọ̀nà là!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Obìnrin kan dìde, ó ní orúnkún ìyá ọkọ òun tó ti ń dun ìyá náà látọdún mẹ́ta ti san. Ẹlòmíràn ní òórùn náà ló bá òun gba green card. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rí ń ga sí i, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí tòun kéré. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ eré yìí ṣe ni Alhaji Salaudeen, tó ń bójú tó ilé ẹrù wọn ní Grand Prairie.

"Alhamdulillahi," ni Alhaji wí nígbà tó kàn án. "Ẹrù dé. Ẹrù pé."

"Ṣé gbogbo ẹ̀rí náà nìyẹn?" Olóyè bínú díẹ̀. "Ṣé o ò rí nǹkan ìyanu kankan?"

"Sà, ewé ni mo ń tọ́jú. N ò mọ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ò mọ̀ mí, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Àmọ́ ẹrù pé, sà. Ìyanu gan-an nìyẹn jẹ́ ní Grand Prairie."

Ohun tí ẹ̀rí èké ń ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ ọ ni pé yóò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni yóò gbà á gbọ́. Kò pẹ́ tí Súnkànmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró náà para. Ó ń kán an sẹ́yìn etí, ó ń kán an sírùngbọ̀n, ó ń wọ́n ọn sára aṣọ àti sórí àga mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìrọ̀rí, ó kọjá sí yàrá àlejò. Olóyè kò tilẹ̀ bínú. Ó rò pé obìnrin náà ń bọ̀wọ̀ fún òun ni.

Ọjọ́ kan ni Dókítà Adéfọlá wá jábọ̀. Dókítà ẹran gidi ni obìnrin yìí, òun ló ń darí oko ẹlẹ́dẹ̀ wọn ní apá Kaufman, bí ènìyàn bá gba freeway tó kọjá létí Pleasant Grove lọ síwájú. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ti yọrí sí rere.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìgbẹ́ gbuuru ti dín kù gan-an. And I think I know why it's working so well. Àtìgbà tí àwọn ìyá wọn ti lóyún la ti ń fún wọn ní òróró náà nínú feed. Òórùn ẹ̀ ti wọnú omi ọmú. Tí a bá wá já àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n bá ti gbóòórùn yẹn nínú oúnjẹ, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á jẹun. Lójú tiwọn, sà, òórùn yẹn ni ìyá."

"Ìyá!" Súnkànmí dìde fùù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló mú nínú gbogbo rẹ̀. "O ò parọ́! Tìmílẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀: Olóyè George, ìyá tó bí ewé, bàbá tó gbìn ín! A ó tẹ̀ ẹ́ sára bánnà fún ọjọ́ ìgbìmọ̀. Mélòó lẹ ń bù sínú oúnjẹ yẹn gan-an?"

"Kékeré ni, sà."

"Kékeré kẹ̀? Nǹkan tí orúkọ mi wà lára ẹ̀? Ẹ bù ú ní ìlọ́po mẹ́wàá!"

"Wọn ò ní jẹ ẹ́ mọ́, sà. Á ta wọ́n nímú jù. Ẹlẹ́dẹ̀ máa ń kọ oúnjẹ."

"Kọ lẹ́tà sí wọn."

"Sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀, sà?"

Olóyè ronú sí i díẹ̀. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá a dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Adéfọlá padà sórí ohun tó bá wá.

"Nítorí Saturday tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀, sà. Gbogbo ẹni tó bá máa wọ barn ẹlẹ́dẹ̀ ló máa wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Shower, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Aṣọ ìta ò wọlé rárá, wọ́n á wọ coverall oko. No perfume. Àwọn ọmọ tí a máa já láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ fẹ́ wò, wọ́n á ṣì máa sunkún ìyá wọn. Torí náà, sà, òórùn tẹ́ ẹ ń fi para yìí..."

"Dúró ná. Ta ló máa wẹ̀?"

"Gbogbo wa, sà."

"Èmi? Akọgun Ìmọ̀? Kí n bọ́ra síhòòhò lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀? Adéfọlá, ṣé orí ẹ pé? Ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ kó wẹ̀ kó tó rí mi!"

"Àwọn kì í jáde, sà. Àwa là ń kó àrùn wọlé bá wọn."

"N ò lárùn!" ni Olóyè ké mọ́ ọn. Ó ti yíjú sí Tìmílẹ́yìn, ó ń bi í bóyá agbádá aláwọ̀ wáìnì ló máa bá bánnà mu tàbí èyí tó ní àwọ̀ wúrà. Adéfọlá kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó ti wí i tó.

Sátidé dé, ooru Texas sì ti mú láti àárọ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin dé sí oko náà lákòókò. Màmá Dérìntọ́ ni alága wọn. Nọ́ọ̀sì ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni olórí àwọn tó ń gbógun ti ìtànkálẹ̀ àrùn ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọ̀tá tí Màmá bá jà láyé wọn ò ju ọ̀kan lọ, ìyẹn ni ọwọ́ tí a kò fọ̀. Màmá wẹ̀, wọ́n wọ coverall, aṣọ iṣẹ́ tó so ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, wọ́n sì jáde sí òdìkejì pẹ̀lú ẹ̀rín bí ọmọ iléèwé tó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun. Adédọ̀tun, ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ̀lé wọn, àwọn méjì yòókù náà sì wẹ̀.

Olóyè wá dé. Agbádá aláwọ̀ wáìnì ló borí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì kún àyà rẹ̀ títí dé ìdodo. Ó ti da odindi ìgò òróró sára aṣọ náà láàárọ̀, nítorí ó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbóòórùn ọlá kí wọ́n tó rí olọ́lá. Adéfọlá na aṣọ ìnura sí i lẹ́nu ọ̀nà ibi ìwẹ̀. Olóyè wo aṣọ ìnura náà bí ẹni wo ejò.

"Ta ni ọ̀gá níbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Àmọ́ ẹ wẹ̀, ẹ jọ̀wọ́."

"Ọ̀gá kì í tò sórí ìlà."

Ó yí ẹ̀yìn ilé náà ká, Tìmílẹ́yìn ń bá a gbé etí agbádá. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé àpò oúnjẹ gbà. Ibẹ̀ ni Akọgun Ìmọ̀ gbà wọlé ẹlẹ́dẹ̀. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé kí ìgbìmọ̀ wọlé kí wọ́n bá òun ní ìdúró láàárín agbo ẹran, kí òun na ọwọ́ méjèèjì, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sì ṣí géètì kékeré, ó wọnú ọgbà àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó dì í mú.

Ogójì ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń ké tí wọ́n ń wá ìyá. Bí Olóyè ṣe wọlé, gbogbo wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Imú ogójì gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lákòókò náà ni Màmá Dérìntọ́ àti àwọn tó kù yọ láti òdìkejì, pẹ̀lú Adéfọlá níwájú wọn, tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ ò rí i bí?" ni Súnkànmí wí, inú rẹ̀ ń dùn dé ọ̀run. "Ẹranko pàápàá mọ Olóyè! Ẹ wo bí wọ́n ṣe pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin ọlọ́lá ìgbìmọ̀, ẹ̀yin tí ojú yín tó ilẹ̀ tó òkun, lónìí yìí, èmi tí mo jẹ́ ìyá tó bí ewé..."

Ibi tó dé nìyẹn. Ìyá ti dé, àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ sì ti gbà á gbọ́. Wọ́n ya bò ó. Àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọlù ú lórúnkún, àwọn tó tẹ̀ lé wọn wọ abẹ́ agbádá, Akọgun Ìmọ̀ sì lọ sílẹ̀ gbì. Kò sí ìkà nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ọmú ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń fi imú ti ikùn rẹ̀ sókè sísàlẹ̀, bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń ti ìyá rẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Ọ̀kan di bọ́tìnnì rẹ̀ mú, ó ń fà á. Òmíràn rí àtàǹpàkò rẹ̀, ó dijú, ó ń mu.

"Ẹ gbà mí! Ẹ kó ọmọ yín!"

Tìmílẹ́yìn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn oúnjẹ. Ojú rẹ̀ rí i, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì gbà á, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: "Praise the Lord!" ló pariwo, ó sì pàtẹ́wọ́. Adédọ̀tun kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Sà, ẹ bọ́ agbádá yẹn," ni Adéfọlá ń ké. "It's the agbada! Òun ni wọ́n ń fẹ́!"

"N ò bọ́ ọ! Aṣọ oyè ni!"

Màmá Dérìntọ́ rìn dé ẹ̀bá ọgbà. Wọn ò pariwo.

"Súnkànmí."

Kò sí Olóyè níwájú orúkọ náà, kò sí Dókítà, kò sí Akọgun kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbórí sókè lábẹ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

"Bọ́ ọ sílẹ̀. Kó o sì lọ wẹ̀."

"Yes, ma."

Ó fà á gba orí bọ́. Bí agbádá náà ṣe kanlẹ̀ báyìí, gbogbo wọn fi í sílẹ̀. Wọ́n gun orí aṣọ náà, wọ́n ki imú bọ inú rẹ̀, wọ́n ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Súnkànmí dìde nínú bùbá, ẹrẹ̀ dé etí, kò sì sẹ́ni tó tún wò ó, kódà ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ìyẹn ló dùn ún ju ìṣubú lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó wẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, omi ń dà. Nígbà tó jáde, coverall oko ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti jókòó yí tábìlì kékeré kan ká nínú yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kó jókòó. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ nínú ibi ìwẹ̀: ó sọ̀rọ̀ nípa iyì, ó sọ̀rọ̀ nípa àṣà, ó ní ibi tí ọba bá gbà ni ọ̀nà, ó ní ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ìwẹ̀ rẹ òun sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?" ni Màmá bi í. "Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ICU nílé ìwòsàn, kì í ṣe àwọn cleaner ló ń fún mi níṣòro lórí ọwọ́ fífọ̀. Wọ́n ń fọ̀. Àwọn ọ̀gá dókítà ni. Ẹni tó bá ti tóbi jù ló máa ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Mo ti rí ohun tó ń gbẹ̀yìn ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, Súnkànmí, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín. Bí àrùn bá wọlé yìí nítorí ẹ, gbogbo àwọn ọmọ yẹn la máa pa. Adéfọlá, báwo ni wọ́n ṣe wà?"

"A ti ti barn pa, ma, a máa ṣọ́ wọn. Àmọ́..." Adéfọlá wo Súnkànmí, ó mójú kúrò. "Àtìgbà tí agbádá yẹn ti wà nílẹ̀, wọn ò ké mọ́. Wọ́n sùn lórí ẹ̀. Wọ́n jí, wọ́n lọ síbi feed, wọ́n jẹun, wọ́n padà síbẹ̀. N ò rí irú ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú."

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn. Wọ́n dìbò, kò pẹ́ rárá. Adédọ̀tun ló jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì ń gbìyànjú kí ojú rẹ̀ má tú. Ìgbìmọ̀ rí i pé agbádá náà wúlò, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ pátápátá; tí wọ́n bá ti rí i pé kò kó àrùn wọlé, wọn yóò gé e kélekèle kí ọgbà kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀ pín. Ní ti ẹni tó ni ín, kó máa lọ sílé. Àga ọ̀gá lè ṣófo fúngbà tó bá wù ú, àga kò ní gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé bá ẹnikẹ́ni.

Súnkànmí jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú mọ́. Ó jọ ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì fẹ́ mọ̀ ní ti òótọ́.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí ni agbádá yẹn ṣe tí èmi ò ṣe?"

Màmá Dérìntọ́ bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n ń fi etí coverall nù ún.

"Ó dákẹ́, ọmọ mi."